Ẹgbẹ́ tí Kò Lè Bá Ọmọ Rẹ̀ Wí

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò. Bí ẹnì kan bá wọ aṣọ ẹgbẹ́, tí ó fi káàdì ẹgbẹ́ kọ́ ọrùn, tí ó wá gba owó lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́rin lórí ilé kan ṣoṣo, ta ni kí á mú? Ṣé òun nìkan ni, àbí ẹgbẹ́ tí ó fún un ní káàdì náà?

Mo ti mọ èsì tí àwọn kan yóò fọ̀. Wọ́n á ní ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà ni ó sọ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn lóru. Àwọn éjẹ́ńtì ilé ni mò ń bá wí lónìí, àti ẹgbẹ́ wọn. Kòkòrò ti pọ̀ lẹ́nu àwọn ará ilé wọn, àwa ayálégbé ni a kò sì rí oorun sùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́, kí ẹ má baà rò pé mo kàn fẹ́ ba àwọn ènìyàn jẹ́.

Ní ọdún 2019, onílé mi ní òun fẹ́ tún ilé òun kọ́, kí gbogbo wa kó jáde. Oníwèé mẹ́wàá ni mí. Àròkọ ni mò ń kọ sínú ìwé ìròyìn, owó oṣù mi kò sì tó ohun tí ènìyàn fi ń ṣe fáàrí. Mo wá yàrá àti pálọ̀ kiri Agége, mo wá a dé Ìyànà Ìpájà. Ilé tí òrùlé rẹ̀ dára, balùwẹ̀ rẹ̀ kò ṣeé wọ̀. Èyí tí balùwẹ̀ rẹ̀ dára, owó rẹ̀ ga ju apá mi lọ. Níkẹyìn, ẹnì kan júwe éjẹ́ńtì kan fún mi.

Ọkùnrin náà ní ọ́fíìsì. Pákó ni wọ́n fi kàn án, ṣùgbọ́n ó ní tábìlì, ó ní bẹ́ńṣì. Àwòrán òun àti alága ẹgbẹ́ wọn wà lára ògiri, ìwé-ẹ̀rí ẹgbẹ́ sì wà nínú férémù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Káàdì wà lọ́rùn rẹ̀. Fọ́ọ̀mù tí ó tà fún mi ní 2,000 náírà, òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ wà lórí rẹ̀ gedegbe. Kí ni mo tún fẹ́ wò tí n kò wò?

Mo san owó. Owó ilé ọdún kan jẹ́ 300,000 náírà. Kọmíṣọ̀n éjẹ́ńtì jẹ́ 30,000. Owó àgírímẹ́ńtì jẹ́ 30,000. Owó tí wọ́n ní àwọn á dá dúró, bóyá nǹkan á bàjẹ́, jẹ́ 20,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 380,000 náírà. Ìyàwó mi ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kí owó náà tó pé.

Ọjọ́ Sátidé tí mo kó ẹrù dé, mo bá ọkọ̀ akẹ́rù kan níwájú ilé náà. Ìyá ẹlẹ́ja kan ni ó kó ẹrù wá, òun àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ méjì. A kò tíì kí ara wa tán tí tíṣà kan fi dé pẹ̀lú àpótí ìwé rẹ̀. Nígbà tí ó yá, tọkọtìyàwó tuntun kan gbé bẹ́ẹ̀dì wọn dé. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú rìsíìtì jáde. Ọwọ́ kan náà ni ó kọ ọ́, òǹtẹ̀ kan náà ni ó wà lórí rẹ̀, iye kan náà ni. Ẹni tí ó wà nínú ilé yọjú láti ojú fèrèsé, ó ní, "Ẹ̀yin ará, ta ni ẹ ń wá? Èmi ṣì ní oṣù mẹ́jọ nínú ilé yìí." Owó wa jọ jẹ́ 1,520,000 náírà. Fóònù éjẹ́ńtì ti kú.

A kò lọ sí tẹ́ṣàn. Ẹgbẹ́ ni a lọ bá, nítorí pé ẹgbẹ́ ni a rí lórí ìwé. Bàbá Alága gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má bínú. Ẹ jókòó. Ẹ bá mi bu omi fún Ìyá." Inú wa tutù. Ìgbà tí a mu omi tán ni akọ̀wé wọn sọ pé kí ẹgbẹ́ tó lè jókòó lórí ẹjọ́, olúkúlùkù á san 5,000 náírà. A san án. Wọ́n tún ní kí a má fi ẹjọ́ náà lọ ọlọ́pàá níwọ̀n ìgbà tí ó ti wà níwájú àwọn àgbà. A gbà.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n jókòó. Lẹ́ẹ̀kejì ni ọkùnrin náà tó yọjú, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní owó ti bá ọ̀nà mìíràn lọ, ṣùgbọ́n òun á dá a padà díẹ̀díẹ̀. Tíṣà bi wọ́n léèrè pé, "Ẹ̀yin bàbá, ṣé ẹgbẹ́ kò lè san owó yìí fún wa, kí ẹ wá gbà á padà lọ́wọ́ ọmọ yín?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé ní, "Àbúrò, owó ẹgbẹ́, owó ọmọ ẹgbẹ́ ni." Bàbá Alága náà sì ní, "Ọmọ wa ni. Bàbá rẹ̀ ni ó kọ́ mi níṣẹ́ yìí. A kò lè fi ọmọ wa lé ọlọ́pàá lọ́wọ́."

Lẹ́yìn oṣù méje, mo rí 120,000 náírà gbà. Tíṣà rí 100,000. Ó sú tọkọtìyàwó, wọ́n sì bá tiwọn lọ sí tẹ́ṣàn, n kò mọ ibi tí ó já sí. Ìyá ẹlẹ́ja, tí kò mọ ìwé, tí kò mọ ẹnikẹ́ni, 15,000 ni wọ́n fún un. Ó kó àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Ọ̀tà, ó ń tibẹ̀ wá sọ́jà ní Agége lójoojúmọ́.

N kò bá má kọ nǹkan kan lórí rẹ̀. Ohun tó ń ṣe Èkó pọ̀. Ṣùgbọ́n ní ìparí ọdún 2022, ọ̀gá mi níléeṣẹ́ rán mi lọ sí ibi àjọ̀dún ẹgbẹ́ éjẹ́ńtì, kí n lọ kọ ìròyìn rẹ̀ wá. Ìgbà tí mo débẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé ẹgbẹ́ kan náà ni. Ankara wọn dọ́gba, ìlù ń dún, ìrẹsì ń lọ, ìrẹsì ń bọ̀. Wọ́n ka ohun tí ẹgbẹ́ ti ṣe sí etígbọ̀ọ́ wa: wọ́n sin òkú ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta, wọ́n fi owó ran àwọn opó wọn lọ́wọ́, wọ́n ra ìwé fún àwọn ọmọ iléèwé, wọ́n gbẹ́ kànga sínú ọjà, wọ́n gbé àga lọ sí ilé ìwòsàn àdúgbò. Mo pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe àwọn olóyè tuntun jáde. Ẹ wo ọkùnrin wa níbẹ̀! Ó sanra sí i. Wọ́n ní òun ni akápò.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Akápò.

Ní ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ olè kan. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ni.

N kò ní purọ́ mọ́ wọn. Ẹgbẹ́ éjẹ́ńtì ń ṣe oore púpọ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀, iṣẹ́ náà sì le ju bí ayálégbé ṣe rò lọ. Mo mọ bàbá kan tí ó ti lé ní 30 ọdún nídìí iṣẹ́ náà, tí kò jẹ owó ẹnikẹ́ni rí. Ó wá ayálégbé fún onílé kan, ó mú wọn yípo nínú òjò, nígbà tí owó dé, onílé ní òun kò mọ̀ ọ́n rí. Ẹgbẹ́ ni ó bá a gba kọmíṣọ̀n rẹ̀. Ní ọjọ́ mìíràn, wọ́n tì í mọ́lé nítorí pé ilé tí onílé ní kí ó bá òun fi yá ènìyàn ti wà níwájú kọ́ọ̀tù láàárín tẹ̀gbọ́ntàbúrò. Bàbá náà kò mọ̀. Lọ́yà ẹgbẹ́ ni ó gba ìdúró rẹ̀. Ta ni ì bá gbà á sílẹ̀ bí kò bá sí ẹgbẹ́? Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní kí wọ́n tú ẹgbẹ́ éjẹ́ńtì ká, n kò sí lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun tí mo ní kí á bi ara wa ni pé, kí ni à ń pè ní ìrànlọ́wọ́? Bí o bá sin òkú ọmọ ẹgbẹ́, o ràn án lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan. Bí o bá dá orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ sí, o ràn án lọ́wọ́ títí ayé. Bàbá olóòótọ́ tí mo sọ yìí, bí ó bá ti ní éjẹ́ńtì ni òun báyìí, àwọn ènìyàn á di àpò wọn mú. Kí ni ó ṣe? Kò ṣe nǹkan kan. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó jẹ́ kí òun àti olè máa wọ ankara kan náà. Ẹni tí ẹgbẹ́ bò láṣírí jẹ nínú owó wa ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá yìí ni ó ń san gbèsè ìtìjú.

Kì í ṣe pé a kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílẹ̀ Yorùbá. Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá láyé àtijọ́, àwọn Pàràkòyí ni olórí àwọn oníṣòwò. Àwọn ni wọ́n ń bójú tó ètò ọjà, àwọn ni wọ́n sì ń parí ẹjọ́ òwò. Ẹgbẹ́ oníṣòwò nílẹ̀ wa kì í ṣe ti ijó nìkan. Títí di òní, mo ti rí i lọ́jà tí àwọn ìyá gba kóńgò lọ́wọ́ alágbàdo kan tí ó gbá ìdí kóńgò rẹ̀ wọnú. Kò sí ọlọ́pàá níbẹ̀, kò sí lọ́yà. Ìyálọ́jà dá ọjà rẹ̀ dúró fún ọjọ́ méje, ó sì ní kí ó bẹ àwọn oníbàárà rẹ̀. Bí àwọn ìyá tí kò ní ọ́fíìsì bá lè bá ọmọ ẹgbẹ́ wọn wí nítorí àgbàdo kóńgò kan, ẹ̀yin tí ẹ ní òǹtẹ̀ kò lè bá tiyín wí nítorí 1,520,000 náírà?

Nínú iṣẹ́ ilé àti ilẹ̀ gan-an, àpẹẹrẹ wà. Ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú iṣẹ́ náà, tí à ń pè ní NIESV, ti wà láti ọdún 1969. Ní ọdún 1975, òfin ìjọba ológun, Decree 24, dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí yóò máa kọ orúkọ wọn sínú ìwé, tí ó sì lè yọ orúkọ ẹni tí ó bá hùwà ìbàjẹ́. N kò sọ pé áńgẹ́lì ni gbogbo wọn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí ó bá lè pàdánù nǹkan, yóò bẹ̀rù. Éjẹ́ńtì tí ó gba owó wa, kí ni ó pàdánù? Kàkà kí ó pàdánù, ó jẹ oyè.

Àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ ní àwíjàre mẹ́ta tí mo ti gbọ́ títí ó fi há mi lórí. Ẹ jẹ́ kí á mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n ní, "Àwọn tí ń ṣe jìbìtì kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ wa." Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní fóònù lè sọ pé éjẹ́ńtì ni òun. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wo ni mo lè gbà mọ ọmọ ẹgbẹ́ yàtọ̀ sí ayédèrú? Ẹ kò lẹ orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ mọ́ ibì kankan. Ẹ kò lẹ orúkọ ẹni tí ẹ lé kúrò, àfi bí ẹ kò bá lé ẹnikẹ́ni rí. Tiwa kì í sì í ṣe ayédèrú: ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ní ọmọ yín ni.

Wọ́n ní, "Àwọn onílé ni olójúkòkòrò." Mo gbà pé àwọn kan jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò. Òfin ilé yíyá tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2011 sọ pé kò tọ́ kí á gba owó tí ó ju ti ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Òfin náà yọ àwọn ibì kan sílẹ̀, bí Ìkòyí àti Apápá, ṣùgbọ́n kò yọ Agége sílẹ̀. Síbẹ̀, ẹnu ta ni a ti ń gbọ́ owó ọdún méjì? Ẹnu éjẹ́ńtì ni. Ilé tí owó rẹ̀ jẹ́ 300,000 lọ́dún, bí wọ́n bá gba ti ọdún kan, kọmíṣọ̀n rẹ̀ jẹ́ 30,000. Bí wọ́n bá gba ti ọdún méjì, ó di 60,000. Ṣé ẹ rí i? Ojúkòkòrò náà kò dá lé onílé lọ́rùn. Bí ẹgbẹ́ bá pa á láṣẹ pé ọmọ wa kan kò gbọdọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ, onílé á wá ẹni tí yóò bá a gbé ilé rẹ̀ kiri títí. Kànga inú ọjà dára, ṣùgbọ́n àṣẹ yìí á ran àdúgbò lọ́wọ́ ju kànga mẹ́wàá lọ, kò sì ní ná ẹgbẹ́ ní kọ́bọ̀.

Wọ́n ní, "A kì í ṣe ìjọba, a kì í ṣe ọlọ́pàá." Ó dára. Nígbà náà, kí ló dé tí ẹ ní kí a má lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá? Kí ló dé tí ẹ gba 5,000 náírà lọ́wọ́ Ìyá ẹlẹ́ja kí ẹ tó dá ẹjọ́? Ẹ kò lè jẹ́ kọ́ọ̀tù nígbà tí a bá ń gba owó, kí ẹ má jẹ́ kọ́ọ̀tù nígbà tí a bá fẹ́ dá owó padà. Ìjọba ní tirẹ̀ kò sùn. Ìjọba Èkó ti dá àjọ LASRERA sílẹ̀ láti máa ṣètò òwò ilé àti ilẹ̀. Ní ọdún 2016, wọ́n ṣe òfin lòdì sí àwọn ajagungbalẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kì í jókòó sínú ọ́fíìsì pákó ní gbogbo àdúgbò. Ẹgbẹ́ ni ó wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ mọ ilé éjẹ́ńtì, ó mọ ìyàwó rẹ̀, ó mọ ọjọ́ tí ó ra mọ́tò àti ibi tí owó rẹ̀ ti wá.

Àwa náà jẹ̀bi díẹ̀, n kò ní bò ó mọ́lẹ̀. Mo san owó láìbá ẹni tí ó wà nínú ilé sọ̀rọ̀. N kò ní kí wọ́n mú mi dé ọ̀dọ̀ onílé. Ọkàn mi balẹ̀ nítorí férémù àti òǹtẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni òǹtẹ̀ wà fún, bí kì í bá ṣe kí ọkàn ènìyàn lè balẹ̀?

Nítorí náà, ohun tí mo ń fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ éjẹ́ńtì ṣe kò ju mẹ́rin lọ.

Èkíní, ẹ dá àpò kan sílẹ̀ fún àwọn tí ọmọ ẹgbẹ́ bá jẹ lówó. Bí ẹgbẹ́ bá ní 200 ọmọ, tí olúkúlùkù sì dá 10,000 náírà lọ́dún, 2,000,000 náírà nìyẹn. Wọn ì bá ti san owó àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pátá, 480,000 ì bá sì ṣẹ́kù. Ankara ọdún kan lè ju 10,000 lọ. Ọjọ́ tí ẹgbẹ́ bá kọ́kọ́ san irú owó yìí, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn ni yóò máa ṣọ́ ara wọn, nítorí pé owó wọn ni olè ń jẹ.

Èkejì, ẹ kọ orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ àti àwòrán rẹ̀ síta níwájú ọ́fíìsì, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tí ẹ lé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, owó ilé kò gbọdọ̀ wọ àpò éjẹ́ńtì. Kí ayálégbé san án sí àkáǹtì onílé ní báńkì, kí éjẹ́ńtì gba kọmíṣọ̀n tirẹ̀ lẹ́yìn tí kọ́kọ́rọ́ bá ti ṣí ilẹ̀kùn. Ẹni tí ó bá ní òun kò gbà, ẹ bi í léèrè ohun tí ó fẹ́ fi owó olówó ṣe.

Ẹ̀kẹrin, ẹni tí ó bá ṣì ń jẹ gbèsè ayálégbé kò gbọdọ̀ jẹ oyè nínú ẹgbẹ́. Ó yẹ kí ojú ti mi láti kọ èyí sílẹ̀, nítorí pé ọmọdé pàápàá mọ̀ ọ́n.

Àwọn éjẹ́ńtì kan á ka èyí, wọ́n á bínú sí mi. Ẹ máa bínú. Ẹ̀yin olóòótọ́ inú wọn ni ó yẹ kí inú kọ́kọ́ bí, ṣùgbọ́n kì í ṣe sí mi. Ìpàdé yín tí ń bọ̀, ẹ dìde dúró, ẹ béèrè pé, "Ta ni ó wà nínú wa tí ó jẹ gbèsè ẹlòmíràn?" Bí ilé bá dákẹ́ rọ́rọ́, ẹ ti rí èsì.

Ní oṣù tí ó kọjá, mo gba ọjà Agége kọjá. Ìyá ẹlẹ́ja ṣì wà níbẹ̀, ó ń yí ẹja lórí iná. Ó bu ìrù méjì fún mi, ó kọ owó. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé wọ́n ti dá tìrẹ padà?" Mo ní rárá, Màmá. Ó ní kò burú, Ọlọ́run á ṣe é. Ó ṣí àpò ìdí rẹ̀, ó fi rìsíìtì hàn mí. Ó ti fi ọ̀rá wé e kí epo má baà kàn án. Òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ ṣì hàn lórí rẹ̀ ketekete.

Bàbá Alága, ẹ rántí wí pé òǹtẹ̀ yín ni. Ìgbà wo ni ẹ ó wá gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀?